Kò Tíì Kú

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pe bàbá mi
kí ó wá fara hàn pé òun ò tíì kú.
Láti Ìsọ̀nà, nílùú Iléṣà, dé Òṣogbo:
ẹsẹ̀ kan, igi kan, fáìlì lábẹ́ abíyá.

Nígbà tí ogun ń wá ènìyàn,
ìjọba mọ ilé wa láìbéèrè.
Wọ́n pe Fápohùndà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jẹ́.
Orókùn rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún,
nínú ẹrẹ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Oṣù kẹta rèé tí owó ìfẹ̀yìntì ò wọlé.
Ó gbé fóònù sójú fèrèsé, ó ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.
Oògùn ẹ̀jẹ̀ríru ku méjì;
ó ń fi ọ̀bẹ là á.

Lóṣù kìn-ín-ní, ẹ ó tú ẹyẹlé sílẹ̀ fún àwọn tó kú.
Ẹ ṣeun.
Alààyè ń jẹun.

Mi ò tọrọ àánú. Gbèsè ni.
Ẹ kọ ọ́ sínú ìṣúná bí ẹ ti ń kọ owó epo ọkọ̀ yín,
kí ó máa dé bí oṣù ti ń lé.

Bàbá ti tẹ́ kakí rẹ̀ sábẹ́ ìbùsùn
kó lè gún dọ̀la.
Akọ̀wé, wò ó dáadáa:
òkú kì í lọ aṣọ.