N Kò Ya Ìlà fún Iná

Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n kó wá sí àgọ́ ìjọ wa
lórí òkè kan lẹ́yìn Ẹfọ̀n,
nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, tí kùrukùru ń jókòó síta
bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Màmá Jẹ́gẹ́dẹ́, tó ti ń dáná fún wa
láti ìgbà tí èmi fúnra mi wà nínú pínńfà,
ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.
Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú bí ẹ̀wà tó sùn sómi.
Pásítọ̀ wò yí ká, ó wò mí.
Ìrẹsì tí mo sè kẹ́yìn, ajá ló jẹ ẹ́.
Ó ní, "Sísì Oyèníkẹ̀ẹ́, ìwọ ni."

Mo ya páálí wàrà, mo fi bírò pupa fa ìlà sí i:
àwọn tí yóò pọnmi, àwọn tí yóò bẹ iṣu,
àwọn tí yóò gúnyán, àwọn tí yóò fọ abọ́,
àwọn tí yóò gbálẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn bá dà á rú tán.
Mo kọ orúkọ títí ọwọ́ fi ń ro mí.
Mo kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná,
mo sún sẹ́yìn, mo wò ó bí ẹni tó kọ́lé.

Ìníolúwa láti Èkó kò mú ọ̀bẹ rí.
Ó bẹ iṣu títí iṣu fi ku bí ìka,
èèpo wá nípọn ju ohun tí a fẹ́ jẹ lọ.
Màmá wà lórí àpótí, ó fi ìborùn gbé ọwọ́ kọ́rùn,
ó ní, "Uṣu yẹn ò ṣẹ̀ ọ́ o, ọmọ mi."
Uṣu! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.
Òun náà rẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n kó èèpo padà wá, kí wọ́n tún un bẹ.

Ọmọkùnrin mẹ́rin yí odó kan ká,
ọmọ odó mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́rin.
Ọ̀kan ń sáré, ọ̀kan ń tòògbé,
igi ń na igi lójú òfuurufú.
Màmá fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀: gbì. Ó sinmi. Gbì.
"Ẹ yé gbọ́ ti apá yín. Ẹ gbọ́ ti ẹnìkejì."
N kò mọ ìgbà tí odó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan náà.
Mo mọ̀ pé iyán ọjọ́ náà ní kókó bí ìsàlẹ̀ odò,
a gbàdúrà sí i, a jẹ ẹ́,
ẹnìkan sì tún na abọ́ wá.

Lọ́jọ́ kẹta, apọnmi àti afọbọ́ wọ̀yá ìjà.
Mo ka ìtàn Màtá àti Màríà fún wọn.
Pẹ̀lúmi nawọ́: "Àǹtí, nígbà tí Jésù lọ tán,
ta ló wá fọ abọ́?"
Mo ní kí wọ́n dìde, kí a kọrin.

Òwúrọ̀ ìkẹyìn, oorun dá lójú mi ní aago mẹ́rin.
Iná ti ń jó.
Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń bá iná nílẹ̀,
mo ti gbà pé Màmá ni; Màmá ọlọ́wọ́ kan!
Ọmọkùnrin kan ló lóṣòó sídìí ààrò,
tó ń fẹnu fẹ́ ẹ, eérú ní ìpéǹpéjú rẹ̀.
"Ta nìyẹn?"
"Dúróṣinmí ni, mà. Láti Ọ̀tùn."
"Ẹgbẹ́ wo lo wà?"
"N ò sí nínú ìkankan. Mo wo páálí yẹn lọ́jọ́ tí a dé.
Mo tún un wò."

Igi tútù ń hó nínú iná.
Mo lọ sídìí ilẹ̀kùn, mo yọ bírò.
Ìrì ti jẹ etí páálí.
Mo wá ibi tí mo lè kọ ọ́ sí:
omi, iṣu, odó, abọ́, ìgbálẹ̀.
N kò ya ìlà fún iná.

Mo padà, mo lóṣòó tì í.
"Báwo lo ṣe ń tò ó?"
Kò wò mí.
Ó ṣa igi tó tín-ín-rín jù lọ,
ó fi lé mi lọ́wọ́.