Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Àwọn ọ̀gá mi l'Ábújà kọ ogójì ìbéèrè sínú tábúlẹ́ẹ̀tì,
nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń hanrun bí ológbò tó yó:
"Ìgbà wo lo máa ń lo kọ̀ǹpútà?
Mú ọ̀kan: lójoojúmọ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, rárá."
Mo gbé e dé Sàmárù, ní Sáríà.
Ọyẹ́ ti kun àtíkè fún gbogbo igi dongoyárò.

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà.
Mo bèèrè títí, mo ṣìnà
láàárín ilé-ìkàwé àti ibi tí wọ́n ti ń ta fúrà.

Málàm Dáyyábù ló ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà méjìlá.
Kọ́tìnì àtijọ́ ilé rẹ̀ ló fi bò wọ́n lórí,
òdòdó pupa, òdòdó pupa,
bí ìyàwó tuntun méjìlá tó ń retí ọkọ.
Láàárọ̀ á ṣí wọn, á nù wọ́n, á tún bò wọ́n.
"Ṣé ẹ máa ń lò wọ́n, Málàm?"
"Mo ń nù wọ́n."
Mo ní kò sí ìyẹn níbẹ̀.
Ó wo ojú mi, ó wo àkísà ọwọ́ rẹ̀.
"Lójoojúmọ́," ló wí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Dáyyábù ń lò ó lójoojúmọ́."

Dókítà Ndágí, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ní òun kì í lo nǹkan kan.
Ó fa dúróọ̀ rẹ̀ yọ: lẹ́tà orí afẹ́fẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́,
wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà,
ó ti fi bírò pupa dáhùn sí ẹ̀gbẹ́ wọn.
"Hájárá á bá mi fi ránṣẹ́."
Hájárá jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Kò sẹ́ni tó ní kí n bi í ní nǹkan kan:
olùkọ́ ni fọ́ọ̀mù wí, akẹ́kọ̀ọ́ ni fọ́ọ̀mù wí.
Ọ̀rọ̀ ìwọlé olùkọ́ méje ló há sórí.
Ẹnì kan fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ ṣe tirẹ̀.
Ẹnì kan fi orúkọ obìnrin kan ṣe tirẹ̀.
Hájárá rẹ́rìn-ín, ìka rẹ̀ ń rọ̀ bí òjò orí páànù.

Múntàrí ò ríran. Fóònù ló ń kàwé sí i létí.
Ó ní ohùn inú rẹ̀ ń fi imú sọ̀rọ̀,
ó ń pe orúkọ òun bí ẹni tó wá sin gbèsè.
"Ṣùgbọ́n kì í sú u. Ẹ̀gbọ́n mi, ó máa ń sú u."

Rìfkátù Búlùs, ọmọ Káfáńṣàn, ọdún kejì, kẹ́mísírì:
fóònù kan, àwọn mẹ́ta ló ni ín.
Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú ni tirẹ̀;
Ọjọ́ Àìkú, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí.
Orí tàǹkì omi ló ń gùn ní aago méjì òru,
torí dátà òru ò wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì fẹ́ràn ilẹ̀.
Á dá olùkọ́ inú fídíò dúró, á kọ ọ́ sínú ìwé,
á ní kó máa sọ, á tún dá a dúró.
Ó ní ibi kan ṣoṣo tí òun ti lè ní kí púròfẹ́sọ̀ dákẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè kẹtàdínlógún: "Kí ló ń dí ọ lọ́wọ́ jù?"
Iná. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Owó. Òmíràn.
Òmíràn ni gbogbo wọn ń mú,
ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò sì gùn tó abẹ́rẹ́.
Rìfkátù rò ó, ó rò ó. "Ẹ fi owó síbẹ̀," ló ní,
bí ẹni tó ń fún alágbe ní kọ́bọ̀ kó lè lọ.

Mo padà sí Ábújà. Wọ́n ti sọ gbogbo wọn di òbìrí kan,
ó rí rogodo lára ògiri, aláwọ̀ mẹ́rin, bí àkàrà tí a gé.
Ọ̀gá mi tọ́ka sí àwọ̀ ewé:
"Ẹ wo bí àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ ṣe pọ̀ tó!"
Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Mo rí àkísà kan níbẹ̀. Mo dákẹ́.

Lóru, fóònù mi ké, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Rìfkátù ni. Ìbéèrè kẹtàdínlógún yẹn,
mo fẹ́ yí ìdáhùn mi padà. Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ gan-an ni"

Ó tán síbẹ̀.
Mo jókòó ti fóònù náà títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ọjọ́bọ̀ ni. Fóònù ọ̀hún ti di ti ẹlòmíràn.