Gbígbẹ́ àti Gbígbẹ

Ìjì oṣù Kọkànlá ló wó igi ápù ẹ̀yìnkùlé wa
ní Tregaron, ó wó lé ọgbà àgùntàn aládùúgbò.
Kí ilẹ̀ ó tó ṣú, Ithel ti gbé ayùn.
Ọkọ mi kì í jẹ́ kí òkú igi sùn síta.

Lórí ẹ̀rọ ìyígi, omi ń ta sí i lójú,
ó ń ta sí ògiri, ó ń ta sí ológbò lára.
Ọpọ́n mọ́kànlá ló gbẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn,
tútù, wúwo, wọ́n ń rùn bí ọtí tó ti kan.

Ó wá kó wọn wọ inú ilé mi.
Èyí tó nípọn jù bọ́ sínú àpò bébà,
ó fi èérún ara rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀;
mẹ́ta lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí ooru kì í dé,
ọ̀kan láàárín aṣọ ìsìn mi!
Mo ní, "Gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kí wọ́n tètè gbẹ."
Ó wò mí bí ìgbà tí mo ní kó sá ọmọ tuntun sóòrùn.
"Gbígbẹ́ ni tèmi," ó ní, "gbígbẹ ni tirẹ̀.
Ẹni tó bá kán an lójú, yóò gbọ́ ọ lóru."

A sì gbọ́ ọ lóru. Pàá! láti ilé ìdáná.
Ọpọ́n kan ti là láti etí dé ìdí.
Èmi ni mo gbé e sún mọ́ iná. N kò jẹ́wọ́.
Ó wo ààrò, ó wò mí, ó mu tíì rẹ̀.

Oṣù Kejì, omi dé àyà òun náà.
Ní ilé ìwòsàn Aberystwyth
àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé e sórí òṣùwọ̀n láràárọ̀.
Èmi nílé, mo gbé ọpọ́n inú àpò bébà
sórí òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun,
mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ìdí rẹ̀, bó ṣe máa ń kọ ọ́:
ẹgbẹ̀ta gíráàmù ó lé mẹ́wàá.
Ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́rin.
Lálẹ́, a ó pààrọ̀ nọ́ńbà lórí fóònù,
tirẹ̀ ní kílò, tèmi ní gíráàmù.
A kì í sọ nǹkan míì. Kí ló tún kù?

Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, nọ́ńbà ọpọ́n ò yẹ̀.
Mo pè é. "Ó ti gbẹ."
Ó dákẹ́. Èémí rẹ̀ ń hó díẹ̀, bíi kẹ́tùlù.
"Ṣé ó là?"
"Kò là. Ó kàn wọ́ ni. Kò rí róbótó mọ́.
Bí mo bá gbé e sórí tábìlì, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."
"Ó dára," ó ní. "Má fi nǹkan tì í.
Jẹ́ kó máa mì."