Ará Ibo Ni Ará Samáríà?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá wa dúró ní Kétu fún ọjọ́ mẹ́rin.
Ọyẹ́ ń da eruku sórí tábìlì,
ìwé mẹ́ta la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ:
ti Gíríìkì, tí Músíè Ṣàbí nìkan lè kà,
ti Faransé, tí gbogbo wa fi ń ṣe fújà,
àti ti àwọn ará ìhà Ọ̀yọ́, tó dùn létí,
àmọ́ tí kì í sọ̀rọ̀ bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́ nídìí ààrò.

Èmi ni òǹkàwé. Iṣẹ́ mi ò ju kí n kà á sókè
sétí àwọn tí kò mọ ìwé,
kí n sì máa wo ojú wọn.
Bí ojú bá dákẹ́, a ó pa gbólóhùn rẹ́.

Ìyá Ìbídùn jókòó lórí àpótí,
ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.
Mo kà á: ọkùnrin kan ń rìnrìn àjò,
ọlọ́ṣà dá a lọ́nà, wọ́n bọ́ ọ láṣọ,
wọ́n fi í sílẹ̀, kò kú, kò yè.
Ìyá ní, "Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ nìyẹn.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bodè, níbi tí àwọn elépo ti ń gba inú igbó. Mo mọ̀ ọ́n."
Músíè Ṣàbí ní kì í ṣe ọ̀nà Ìmẹ̀kọ.
"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kó máa kà á lọ."

Àlùfáà kọjá. Ìyá pòṣé.
Ẹnìkejì kọjá. Ó ní, "Ìyẹn náà á mọ orin í kọ."
Ará Samáríà wá ń bọ̀.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.
"Ará ibo ni ará Samáríà?"

Músíè Ṣàbí ti múra de ìbéèrè yìí.
Ó ya àwòrán ilẹ̀, ó pe orúkọ òkè,
ó sọ ti ìran kan tó pín sí méjì
títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.
Ìyá ní, "Mi ò bi yín léèrè ibi tó wà.
Mo ní kí ló wà láàárín wọn?
Ṣé wọ́n lè gba omi mu lọ́wọ́ ara wọn?"
Kò dúró gbọ́ èsì.
"Ó dà bí ará Dàhòmì."

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.
A kì í da ọ̀rọ̀ yẹn nù ní Kétu bí omi ìṣanwọ́.
Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n dè lókùn
lọ́dún tí ìlú fọ́, tí Àkàbà Ìdẹ̀nà ò lè gbà wá.
Tòyún tòyún ló fi rìn dé Àgbómẹ̀.
Orúkọ ọmọ tó bí lọ́hùn-ún, a kì í pè é.

"Ará Dàhòmì ló wá rí i," ni Ìyá wí. "Kí ló ṣe é nínú?"

Ibẹ̀ gan-an la há sí.
Faransé ní àánú ṣe é,
bí ẹni ju owó wẹ́wẹ́ sínú igbá alágbe.
Mo ka oríṣi mẹ́ta fún un. Ojú dákẹ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ó fi ọwọ́ eléruku kan ìsàlẹ̀ ìdodo:
"Inú rẹ̀ yọ́. Ibí yìí ló ti yọ́, bí òrí nínú oòrùn.
Bí kò bá yọ́ níbí, ará Dàhòmì kì í dúró."

Músíè Ṣàbí bọ́ awò ojú rẹ̀.
Ó ní ìfun ni, nínú ti Gíríìkì.
Inú ìfun ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.
Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ èdè ọ̀hún,
ó wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wá òrùka títí,
tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A kọ ọ́: inú rẹ̀ yọ́.
Samáríà la fi sílẹ̀ bí a ṣe bá a; a ò láṣẹ láti kọ Dàhòmì.
Ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣí ojú ewé yẹn látọjọ́ náà
kí n má rí aboyún kan lójú ọ̀nà, okùn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀,
àti ọkùnrin tó ń sọ Fọ̀n, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gbé omi sí i lẹ́nu.
Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀. Ìyá ò sọ.

Ó kàn fẹ́ eèpo ẹ̀wà dànù, ó ní,
"Tún un kà.
Látibi tí wọ́n ti lu ọkùnrin náà."