Aago Méjì Òru ní Òkè Ìjẹ̀bú

Wọ́n ti mú iná lọ láti ìyálẹ̀ta.
Mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ Dúnsìn agẹrun,
jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń wúkọ́, ó ń tu èéfín,
igba náírà, kí bátìrì sáà kún,
torí aago méjì òru níbí
ni aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́dọ̀ wọn,
ìgbà tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn ibùdó ìdìbò
tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ọmọ àbúrò mi
mọ́ orúkọ àwọn tí baba ńlá wọn ti sùn sí ilẹ̀ náà.

Ibijọkẹ́ Akínfọlárìn.
Wọn kò lè pè é. Ẹnìkan ní Bíjókì,
òmíràn fò ó bí ẹni ń fo kòtò.
Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó, ó ní
bí ahọ́n yín bá lè pe orúkọ oògùn inú ìgò,
á pe tèmi.

Kì í ṣe ipò ààrẹ ló ń dù.
Ìgbìmọ̀ ìlú kékeré kan ni, tí yìnyín ń bò lóṣù mẹ́rin,
níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí owó omi
àti ta ni yóò kó ìdọ̀tí ojú títì.
Ọdún mọ́kànlá ló fi wẹ arúgbó nílé ìtọ́jú wọn,
mẹ́fà ló fi bá ará Sòmálíà, ará Háítì, ará Mẹ́síkò
kọ lẹ́tà sí onílé tí kò tún páìpù ṣe.
Ọjọ́ tó jáde dupò, òkúta fọ́ fèrèsé rẹ̀ wọlé,
wọ́n fi bébà wé e:
Padà síbi tí o ti wá.

Ó kà á fún mi lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín.
Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Mo lu tábìlì, mo ní ta ni wọ́n ń pè ní àlejò,
ẹni tó ti ń tún ìlú wọn ṣe láti ọjọ́ yìí wá?
Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun.

Nítorí èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa.
Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n dárúkọ Ohiare fún alága,
Ohiare ọmọ Ìgbìrà, tó mú àdá kan ṣoṣo ti Òkene wá,
tó gbẹ́ kànga tí ilé méje ń pọn,
tó mọ ibi tí àgbàrá ń gbà bí odò Àlà bá kún.
Ọmọ mẹ́rin tó bí, àdúgbò yìí la sin ìwọ́ wọn sí.
Bàbá kan dìde, ó ní: àlejò lójú, kò fi ríran.
A rẹ́rìn-ín. Mo lá ẹnu bírò,
mo fi ìkọ̀wé dáadáa tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ yìn mí
ní Ọ́fíìsì Omi ní Alágbàká kọ ọ́ sílẹ̀:
Ìpàdé fẹnu kò pé a kò lè fi àlejò ṣe olórí.

Aago mẹ́ta kọjá. Nẹ́tíwọ́kì lọ, ó bọ̀.
Ó ku díẹ̀ kí mẹ́rin lù, ohùn rẹ̀ wọlé, ó ti ha:
Dádì Àkúrẹ́, a wọlé.
Ìbò mọ́kàndínlógójì péré ni.
Mo kígbe. Ajá gbogbo ojúlé gbè mí.
Ọmọ Olóyèmẹkùn!

Ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí.
Ohiare jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
ó rò pé olè ni, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo sọ fún un. Ó ju àdá sílẹ̀,
ó dì mọ́ mi, òógùn oorun ṣì wà lára rẹ̀:
Ọmọ wa wọlé! Ọmọ wa mà wọlé o!
Ọmọ wa.

Ilẹ̀ ti ń mọ́.
Mo yọ ìwé ìpàdé láti ìsàlẹ̀ àpótí.
Aáyán ti jẹ gbogbo etí rẹ̀,
kò fẹnu kan gbólóhùn náà.
Bírò wà lọ́wọ́ mi.
Dúnsìn ti ń fa okùn jẹnẹrétọ̀.