Ẹni Tó Gbé Igi Ohùn

Láti Mọ́ńdè sí alẹ́ Fúráìdè ni kámẹ́rà jẹ́ tiwa.
Bí Sátidé bá ti mọ́, Músíbáù onífídíò á gbà á padà;
ó ní ìgbéyàwó ní Mọníyà, kò sì gba àlàyé.
Ìwọ, Àńjọrìn, o ní ọjọ́ márùn-ún á tó, á ṣẹ́kù.
Ẹ̀yìn ìwé owó iná lo kọ ìtàn náà sí,
ojú ewé mẹ́tàdínlógún:
ọ̀rọ̀ tìẹ lójú kan, gbèsè ilé yín lójú kejì.

N kò mọ nǹkan kan nípa sinimá.
O so ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mọ́ igi mọ́ọ̀pù ìyá rẹ,
o fi ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì rẹ bò ó lórí nítorí atẹ́gùn,
o ní, "Gbé e sókè. Má mí."
Mo gbé e. N kò mí.

Àgbàlá kan ní Fókò la lò.
O ní ká dúró kí ariwo lọ sílẹ̀.
Àńjọrìn! Ta ló ti rí Ìbàdàn tó panu mọ́ rí?
O fún ẹlẹ́rọ ata ní igba náírà kó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Kí n tó ṣẹ́jú, jórinjórin dé, ó ní òun náà ń pariwo;
ìyá oníredíò dé;
ọmọdékùnrin kan fa ewúrẹ́ lọ́wọ́,
ó ní èyí gan-an burú ju gbogbo wọn lọ.
A fún ewúrẹ́ ní èèpo iṣu. Owó tán.

Baba Ọlátẹ́jú, akọ̀wé rélùwéè àná, onílé yín,
lo fi ṣe ọkùnrin tó ń retí lẹ́tà.
O ní kó má ṣeré rárá, kó ṣáà jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
"Jókòó?" Baba ní. "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n
nìjọba fi sanwó ìyẹn fún mi."
Ẹ̀rín ba ohùn jẹ́. A tún un ṣe.

Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ kí Baba sunkún.
Ìgbà mẹ́sàn-án. Omi ò sí lójú Baba.
O gé àlùbọ́sà; ìwọ lo sunkún.
Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iná pupa ara kámẹ́rà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.
Bátìrì tán. Iná ò sí ní àdúgbò.
O jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, o di orí mú.
Baba wá bi ọ́ jẹ́jẹ́ pé,
"Lẹ́tà yìí, ta ni kò kọ ọ́?"
O ní, "Ọmọ rẹ̀ ni, sà."
Baba wo ilẹ̀kùn.
Ó dárúkọ ẹnì kan tí a ò gbọ́ rí nínú ilé yẹn.
Ó tún un pè.
Lẹ́yìn náà ni ẹkún dé, ẹkún àgbà, tí kì í pariwo,
tó ń jáde bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ igi kalẹ̀.
N kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní kíláàsì kan ní Mọ́lété, a ta aṣọ ìbùsùn funfun sára pátákó.
Èèyàn mọ́kànlélógún, pẹ̀lú àwa àti máígádì.
Nígbà tó kan ibẹ̀, o jẹ́ kí àwòrán kú:
òkùnkùn biribiri, ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀.
Ẹnì kan ké lẹ́yìn, "Wọ́n ti múná lọ!"
Òmíràn ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà.
Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ Baba.
Kò sẹ́ni tó tún wá bàtà mọ́.
Nígbà tó parí, ó di ọwọ́ rẹ mú lẹ́nu ọ̀nà:
"Ẹ bá mi fi ojú pamọ́," ó ní. "Ẹ ṣeun."

A fi sinimá náà ránṣẹ́ síbi méje.
Mẹ́fà ò fèsì. Ìkeje ní iṣẹ́ náà dára,
àmọ́ kí ẹ wá nǹkan ṣe síbi tí àwòrán ti lọ.
O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó.

Ìyá rẹ ti gba mọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ti fi nu pálọ̀.
O ti ń kọ òmíràn, mo rí i:
ẹ̀yìn ìwé owó omi ni lọ́tẹ̀ yìí.
Kámẹ́rà ò tíì sí.
Apá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.