Bátìrì Ọ̀ọ́dúnrún Náírà

Kọ̀ǹpútà mi dàgbà ju Ìbíyẹmí ọmọ ọmọ mi lọ.
Àpótí rẹ̀ tó funfun nígbà kan
ti pọ́n bí eyín amutábà.
Lẹ́tà A ti parẹ́ lójú pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀,
ìka mi ló mọ ibi tó wà.
Bí mo bá tàn án láàárọ̀
màá gbé omi tíì kaná,
màá gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá bọ́ adìyẹ;
tíì á hó, á tutù,
òun ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ
bí àgbà tó gun Òkè-Ìtòkú lọ́sàn-án gangan.

“Ẹ tà á fún onírin,” ni Ayọ̀kúnnú wí láti Ìlọrin,
“kí ẹ ra tuntun.”
Ó pe tuntun bí ẹni ń pe iyọ̀.
Ìbéèrè ìdánwò ilé-ìwé mẹ́ta ni mò ń tẹ̀ lórí ẹ̀rọ yìí,
ọgọ́rùn-ún náírà lójú ewé kan.
Òun ló ń ra gáàsì sílé.

Mo so owó èsúsú mọ́ etí ìró, ẹgbẹ̀rún méjìlélógún,
mo gbé e lé itan nínú Máíkírà
láti Ìjẹmọ̀ títí dé Kútọ̀.
Awakọ̀ ní kí n san owó ẹni méjì.
Mo wo ẹ̀rọ náà. Mi ò rí ohun tí mo lè sọ.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni Líádì ń jókòó sí,
òun àti aránṣọ kan, ibẹ̀ ò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ.
Ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
a jọ wonú.
Eruku pupa ti hun ẹní síbẹ̀.
Ẹyin ọmọńlé méjì, funfun báláú, lábẹ́ fáànù.
“Màmá, àwọn ayálégbé yín yìí, ṣé wọ́n ń sanwó?”
Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá inú rẹ̀.
Mẹ́mọ́rì kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà,
ó yọ ọ́ lára ẹ̀rọ báńkì tó ti kógbá wọlé.
Dísìkì àtijọ́ tó ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀,
ó fi èyí tí kì í yí, tí kì í ké rọ́pò rẹ̀,
pẹlẹbẹ bí páálí bisikíìtì: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá.
Owó iṣẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì. Mo bẹ̀ ẹ́, ó yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

“Bátìrì kékeré yìí náà ti kú.”

Mo mọ̀. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti mọ̀.
Bí iná bá lọ tó bá dé,
ẹ̀rọ mi á jí, á ní
ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2005 ni.
Ọdún tuntun, lójoojúmọ́.
Ní 2005, Bàbá Ayọ̀kúnnú ń fá irùngbọ̀n lójú fèrèsé,
ó ń bá rédíò jiyàn.
Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ì í yára tún ọjọ́ náà ṣe,
pé nígbà mìíràn, títí ilẹ̀ á fi ṣú,
mò ń tẹ ìṣirò kíláàsì kẹrin
nínú ọdún tí bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bátìrì tuntun wà lórí ìka Líádì, roboto bí kọ́bọ̀.
“Ọ̀ọ́dúnrún péré ni, Màmá.”
Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.
Mo ní kó fi sí i.
Ó tẹ bọ́tìnnì, ó yíjú sí mi:
“Ọjọ́ wo lòní?”
Aránṣọ ni mo bi.

Lálẹ́, wọ́n múná lọ ní Ìjẹmọ̀.
Nígbà tó dé, àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè.
Mo tàn án, mo yíjú sí ìkòkò tíì;
mi ò tíì kan ìlẹ̀kùn, ó ti lajú.
Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni.
Ọjọ́bọ̀ ni lóòótọ́.

Mo fa àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀:
Ìbéèrè kìíní. Màmá kan so ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà
mọ́ etí ìró lọ sí Kútọ̀.
Èló ló kù lọ́wọ́ rẹ̀?